Gbàǹjo pátẹ́ǹtì: ṣé dandan ni ká rà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti lọ sí gbàǹjo pátẹ́ǹtì (ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, pé ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ lò ó láìgbàṣẹ) àwọn ilé-iṣẹ́ tó wọko gbèsè, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n fowó bò wá mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wa ní lọ́tẹ̀ yìí, àfi ká rà á dandan. Kí la ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: "Àfi ká rà á" yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti bàbá kan jọ du jẹnẹrétọ̀ kan ní gbàǹjo nílùú yìí. Bó bá fi 5,000 náírà lé e, èmi náà á fi lé e, títí bàbá fi rẹ́rìn-ín, tó káwọ́ sẹ́yìn. Inú mi dùn gan-an. Ìgbà tí oníṣẹ́ tú u nílé la rí i pé wáyà inú rẹ̀ ti jó dúdú. Bàbá yẹn ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wá. Èmi ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pátẹ́ǹtì rí. Ẹni tó bá ro èrè rẹ̀ kọjá bó ṣe rí ló sábà máa ń gbé e lọ. Ẹ kọ́kọ́ wádìí: ọdún mélòó ló kù nínú 20 ọdún tí òfin fún un? Ṣé wọ́n ń san owó ọdọọdún rẹ̀? Ta ló ti gbàṣẹ láti máa lò ó? Iye tí ẹ bá wá fẹnu kò sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi sọ́wọ́ ẹni tí kò ní bá yín dé gbàǹjo.

Ìbéèrè: Tá a bá fowó gọbọi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́, kẹ́rù lè ba àwọn yòókù?

Ìdáhùn: Kì í ba ẹni tó lówó lọ́wọ́. Ní 2011, Google ló kọ́kọ́ fi 900 mílíọ̀nù dọ́là lélẹ̀ fún nǹkan bí 6,000 pátẹ́ǹtì Nortel, ilé-iṣẹ́ Kánádà kan tó wọko gbèsè. Ilé-iṣẹ́ mẹ́fà, Apple, Microsoft, Sony, Ericsson, RIM àti EMC, para pọ̀, wọ́n gbé e lọ ní bílíọ̀nù 4.5. Ní 2014, wọ́n ta èyí tó lé ní 4,000 nínú rẹ̀ fún RPX, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra pátẹ́ǹtì jọ, ní 900 mílíọ̀nù. Lóòótọ́, wọ́n ti kọ́kọ́ pín èyí tó wù wọ́n. Síbẹ̀, ká ní ẹnì kan ló dá ẹrù yẹn rù ńkọ́? Ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ lè jọ dáwó, n'Ílẹ́ṣà, n'Ìbàdàn. Àmọ́ kí àwọn tó ń ṣe gbàǹjo mọ̀ sí i o. Àdéhùn abẹ́lẹ̀ máa ń di ẹjọ́.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá tún gbà á mọ́ wa lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ lọ bá ẹni tó rà á, kí ẹ bèèrè iye tó máa gbà kẹ́ ẹ lè máa lò ó.