Bí Ẹ Bá Ń Kó Lọ sí Jos

Tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ yín tàbí ti ọkọ yín lọ sí Jos, nǹkan méjì ni gbogbo ẹbí máa tẹnu mọ́ kí ẹ tó di ẹrù: òtútù àti ìjà. Òótọ́ ni méjèèjì, màá sì débẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn Yorùbá tí mo rí tí wọ́n kó dé tí wọ́n tún tètè kó padà, ẹni tí òtútù lé kò tó nǹkan, ẹni tí ìjà lé kò sì pọ̀. Nǹkan wẹ́wẹ́ ló lé ọ̀pọ̀ wọn: ẹ̀wà tí kò jinná, epo tí kò dà, aládùúgbò tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa kí. Ara kì í balẹ̀ níbi tí ọwọ́ ò ti mọ iṣẹ́ ilé ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń bi mí pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ilé ìdáná Jos, ìlú fúnra rẹ̀ á tẹ̀lé e.

Aránṣọ ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti dá dúró, iṣẹ́ bàálé mi ló gbé wa lọ sí Jos, èmi àti máṣíìnì mi. Ojú tí obìnrin tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ di alẹ́ fi ń wo ìlú ni mo fi wò ó.

Ẹ má kó lọ ní Disẹ́mbà tí ẹ bá lè yẹra fún un. Ìparí Fẹ́búárì tàbí Máàṣì ló dáa. Oòrùn máa wà nígbà náà, ẹ máa ráyè wá ilé, ẹ máa ráyè mọ ọjà, òtútù gidi á sì bá yín níbi tí ẹ ti jókòó dáadáa. Tí ẹ bá gba ọ̀nà Abuja, Keffi àti Akwanga lọ, ẹ máa mọ̀ pé ẹ ti ń dé nígbà tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n òkè Hawan Kibo, tí etí yín bá sì dí. Ẹ gbé itọ́ mì, á là. Ẹ má rin ọ̀nà yẹn lóru, kò sí ohun tí ẹ ń lé tó tó bẹ́ẹ̀.

Etí tó dí yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sókè ju ojú òkun lọ. Níbi tó bá ga báyẹn, omi kì í dúró dìgbà tó bá gbóná dé 100 Celsius kó tó hó. Ní nǹkan bíi 96 ló ti máa ń hó. Ẹ máa rí i tó ń ru gùdù, ẹ̀wà inú rẹ̀ á sì le síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á máa bú oníẹ̀wà lọ́jà. Ẹ rẹ ẹ̀wà láti alẹ́, ẹ da omi ìrẹ náà nù láàárọ̀, tí ẹ bá sì lówó préṣọ̀ pọ́ọ̀tù, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà kí ẹ tó ra tẹlifíṣọ̀n. Owó gáàsì tó máa bá yín fi pamọ́ kì í ṣe kékeré. Ní ti ẹ̀bà, ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan abọ́ náà, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tó bu omi tí ẹ fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́ láti orí iná tààrà. Abọ́ tó ti sùn sínú ọyẹ́ mọ́jú máa ń gba ooru lọ́wọ́ omi, gàrí á wá wú lójú, á tutù nínú. Àmàlà kò ní wàhálà púpọ̀, torí orí iná la ti ń rò ó, ẹ ṣáà má jẹ́ kí omi dákẹ́ híhó kí èlùbọ́ tó wọlé.

Epo pupa wá ńkọ́? Ẹ má rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró. Láti Nofẹ́mbà lọ, á dì gbagidi, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan dà jáde láàárọ̀ tí ọmọ ń dúró de oúnjẹ ilé-ìwé. Ike ẹlẹ́nu gbàǹgbà tó ní ìdérí ni kí ẹ rọ ọ́ sí, kí ẹ máa fi ṣíbí bù ú. Ògì náà kì í tètè kan lásìkò ọyẹ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ kan lé sí ti Ìbàdàn, kí ẹ gbé e sún mọ́ sítóòfù.

Oúnjẹ ibẹ̀ ni kí ẹ wá kọ́, pàápàá acha, irú ọkà kan. Hóró rẹ̀ kéré gan-an, òkúta wẹ́wẹ́ sì máa ń bá a wá láti oko. Ìyá onílé wa, ọmọ ẹ̀yà Berom, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Igbá méjì la máa lò. Ẹ da acha sínú ọ̀kan, ẹ bu omi lé e, ẹ fi ọrùn ọwọ́ yí igbá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ wá rọra da omi pẹ̀lú acha tó léfòó sínú igbá kejì. Òkúta á ṣẹ́ kù sí ìdí igbá àkọ́kọ́. Ẹ tún bu omi, ẹ tún yí i, ẹ tún dà á. Ìyá yìí kì í wo ìdí igbá rárá. Etí ló fi ń ṣe é. Bó bá ti ń yí i, ó máa ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà tí kò bá gbọ́ kí ohunkóhun ha igbá mọ́, ó parí nìyẹn. Acha yìí ni wọ́n ń fi ewébẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ àti ẹja gbígbẹ sè, tí wọ́n ń pè ní gwote. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná nígbà òjò, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Gbogbo nǹkan tí ẹ rò pé ẹ fi sílé ló wà lọ́jà, orúkọ wọn ló yàtọ̀. Ẹ béèrè daddawa tí ẹ bá ń wá irú, ayoyo tí ẹ bá ń wá ewédú, yakuwa fún ewé ìṣápá. Mudu ni wọ́n fi ń wọn nǹkan gbígbẹ, ẹ sì rí i dájú pé olúwarẹ̀ ń wọ̀n ọ́n ní òkìtì, kì í ṣe ní pẹrẹsẹ. Èènì ń bẹ, gyara ni kí ẹ pè é, ẹ má tijú àtibéèrè. Farin Gada ni ẹ ti máa ra tòmátì àti ata lọ́pọ̀. Ọjà ńlá tó wà ní Terminus jóná ní 2002, àwọn ọlọ́jà sì fọ́n káàkiri títì, nítorí náà ẹ má máa béèrè "ọjà Jos", ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ohun tí ẹ fẹ́ gan-an. Ní ti ọ̀dùnkún òyìnbó, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, ẹ máa jẹ ẹ́ débi tí ẹ ò ní fẹ́ rí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ èèyàn ló kàn, níbi tí àwa Yorùbá ti máa ń ṣe àṣejù. Gbogbo ẹni tó bá ti òkè Ọya wá, Gàm̀bàrí là ń pè é. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ sí Mọ́níyà kí ẹ tó wọkọ̀. Berom wà, Anaguta wà, Afizere wà, Ngas, Mwaghavul, Tarok, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ní Plateau, oníkálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Haúsá ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn ná ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ Haúsá lè má jẹ́ ọmọ Haúsá, ó sì lè jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá ki irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní "Àlàájì", kò ní jà, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fún un pé ẹ ò bìkítà láti mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé ọmọ ibo ni. Inú wọn máa ń dùn sí i.

Ẹ kọ́ Haúsá ọjà kí oṣù àkọ́kọ́ tó parí. "Ina kwana" láàárọ̀, "ina wuni" lọ́sàn-án, "nawa ne?" láti béèrè iye, "a rage mana" láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín in kù, "na gode" láti dúpẹ́. Ti Jos rọrùn, wọn kì í fi gírámà dá èèyàn lóró. Àwọn ọmọ yín máa gbọ́ ọ kíá jù yín lọ. Ẹ ṣáà máa bá wọn sọ Yorùbá nílé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyá yín á pe fóònù, ọmọ á sì fi Haúsá dá a lóhùn.

Yorùbá pọ̀ ní Jos o. Láti ayé ìwakùsà tíìnì ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò lọ síbẹ̀, àwọn kan wà tí bàbá bàbá wọn ti ń gbé Jos. Ẹ wá wọn rí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Àwọn ni wọ́n máa sọ ilé-ìwé tó dáa fún yín àti ẹni tó ń ta èlùbọ́ tí kò ní iyanrìn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ fi wọ́n ṣe, ẹ má sọ wọ́n di yàrá. Mo mọ obìnrin kan tó ń gbé Jos tipẹ́tipẹ́, tí kò tíì jẹun rí nílé ẹni tí kì í ṣe Yorùbá. Kò burú, ilé rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí nǹkan kékeré bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, òun ló máa ń gbọ́ kẹ́yìn.

Ìyẹn gbé wa dé orí ìjà. Ti 2001, ti 2008 àti ti 2010 gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì pín àwọn àdúgbò: ibòmíràn wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì Krìstẹ́nì, ibòmíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì Mùsùlùmí. Ẹ má san owó ilé nítorí pé ilé dára lójú. Ẹ rìn ládùúgbò náà lọ́sàn-án, ẹ tún rìn ín ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bi obìnrin tó ń ta nǹkan níwájú ilé, kì í ṣe ejẹ́ńtì nìkan. Ẹ bèèrè ọ̀nà mélòó ló jáde níbẹ̀. Nílé, ẹ máa ní oúnjẹ àti omi tó lè tó ọjọ́ mélòó kan, torí kọ́fíù kì í fi ìwé ránṣẹ́. Ìròyìn orí WhatsApp tí kò ní orúkọ ẹni tó rí i lójú, ẹ má fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ń wo ilé, ẹ wo òkè: ilé páànù tí kò ní sílìn, òtútù á pa yín. Ẹ béèrè bóyá kànga máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí bó bá gbẹ, mẹ́rùwá ni ẹ máa máa dúró dè. Níbẹ̀rẹ̀ òjò, yìnyín lè bọ́ lu páànù bíi kó lu ú já, ẹ má jẹ́ kí ọmọ sá jáde lọ ṣà á.

Òtútù fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní Disẹ́mbà àti Jánúárì, ó lè wálẹ̀ dé nǹkan bíi 11 Celsius lóru. Ẹ má ra súwẹ́tà wá láti ilé, gwanjo (aṣọ òkirikà) tó nípọn kún Terminus, ó sì pọ́ọ́kú. Òrí ni kí ẹ máa fi pa ètè àti gìgísẹ̀. Òtútù Ọ́gọ́ọ̀sì ló máa ń ya àlejò lẹ́nu jù, tí òjò ń rọ̀ tí aṣọ tí a fọ̀ kì í gbẹ. Ẹ̀yin aránṣọ ẹgbẹ́ mi, máṣíìnì máa ń wúwo lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́, torí ọ́ìlì inú rẹ̀ á ti ki. Ẹ wà á lófìfo díẹ̀ kí ẹ tó ti aṣọ oníbàárà bọ̀ ọ́. Ẹ sì mọ àtiran láínìn dáadáa, ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn.

Tí ẹ bá wá ń lọ sílé fún ọdún, gbogbo ará ilé ló máa retí ọ̀dùnkún òyìnbó. Ẹ má fọ̀ ọ́, kí erùpẹ̀ ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Àpò ìdọ̀họ ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá máa ń làágùn, á sì rà kí ẹ tó dé Lọ́kọ́ja. Kárọ́ọ̀tì lókè, kábéèjì sórí ẹsẹ̀ yín nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá ti délé, ẹ pín in lọ́jọ́ náà, torí ooru Ìbàdàn kò ní jẹ́ kó pẹ́.