Bí A Ṣe Ń Yẹ Àwọ̀ Wò Kí Ojú Má Baà Tàn Wá

Ẹni tó bá fẹ́ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, tó sì fẹ́ kí gèlè bá bùbá mu, ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun mẹ́ta ló ń para pọ̀ di àwọ̀: ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí aṣọ, aró tó wà lára aṣọ, àti ojú tó ń wò ó. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà bá yí padà, àwọ̀ yóò yí padà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kan aṣọ náà. Ìdí nìyí tí aṣọ ẹbí tí gbogbo mọ̀lẹ́bí fọwọ́ sí nínú ìsọ̀ fi ń di awuyewuye ní ọjọ́ àríyá. N ó ṣàlàyé bí a ṣe lè yẹ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, n ó sì fi bí àwọn ẹranko tó yí wa ká ṣe ń rí àwọ̀ kún un, pẹ̀lú bí ẹ ṣe lè dán wọn wò nínú àgbàlá yín.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lójú wa, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò ní àwọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ní ọdún 1672 Isaac Newton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àlàyé jáde pé gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló wà nínú rẹ̀, nítorí nígbà tó jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba inú dígí onígun mẹ́ta kọjá, ìtànṣán náà tú láti orí pupa dé elésè àlùkò. Aṣọ tí a rẹ sínú aró máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán ọsàn àti ìyeyè mì, ó sì ń dá ti aró, ìyẹn àwọ̀ búlúù, padà. Èyí tó dá padà yìí ni ojú wa ń gbà. Nítorí náà, bí gílóòbù inú ìsọ̀ bá jẹ́ irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, kò sí ìtànṣán aró púpọ̀ tí aṣọ yóò dá padà, aṣọ náà yóò sì ṣú débi pé ènìyàn lè pè é ní dúdú. Bó bá sì jẹ́ gílóòbù LED funfun tí kò fi bẹ́ẹ̀ jọjú, pupa ló sábà máa ń kéré nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, àdìrẹ tó bá ní pupa tàbí àwọ̀ obì nínú yóò sì dà bí èyí tó ti ṣá. Èyí tó tún le jù ni pé aṣọ méjì tí wọ́n fi oríṣi aró méjì rẹ lè bá ara wọn mu pátápátá lábẹ́ gílóòbù, kí wọ́n sì yàtọ̀ gedegbe bí wọ́n bá ti dé ìta. Ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín àdìrẹ tí wọ́n fi èlú rẹ àti kàǹpálà tí wọ́n fi aró kẹ́míkà rẹ. Ẹni tó tà á kò purọ́, ẹni tó rà á kò sì fọ́jú.

Ẹ gbé aṣọ méjèèjì bọ́ síta. Kò sí ìyá aláṣọ tí yóò bínú bí ẹ bá ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ jẹ́ ká gbé e wò níta.” Ìta tí mò ń wí kì í ṣe abẹ́ tapólì tí wọ́n ta sórí ìsọ̀, kì í sì í ṣe abẹ́ agbòòrùn ńlá pupa. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ara tapólì aró kọjá ti di ìmọ́lẹ̀ aró kó tó kan aṣọ rárá, aṣọ funfun pàápàá kì í funfun níbẹ̀. Ẹ fi bébà funfun kan sínú àpò yín, kí ẹ sì nà án síta níbi tí ẹ bá dúró sí: bí bébà náà bá ní àwọ̀ kankan lára, ẹ kúrò níbẹ̀. Ibòji tó tẹ́jú, tí ojú ọ̀run hàn lókè rẹ̀, tí kò sí ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà aláràbarà kùn nítòsí rẹ̀, ló dára jù. Oòrùn ọ̀sán gangan kò dára, nítorí àdìrẹ tí wọ́n ti lù títí tó fi ń dán yóò máa kọ mànà lójú oòrùn, dídán yẹn yóò sì bo àwọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́. Jan Purkinje, ọmọ ilẹ̀ Czech, kọ̀wé ní 1825 pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, pupa ló kọ́kọ́ máa ń di dúdú, nígbà tí aró ṣì ń hàn. Ẹni tó bá fi gèlè pupa ti ìró aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí aago méje alẹ́ yóò rò pé gèlè náà ti ṣókùnkùn jù, bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì òun gan-an ni yóò máa tàn jù.

Ní ti aró fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe fi aṣọ tútù dá ẹjọ́ àwọ̀. Bí ẹ bá dúró nídìí alaró nígbà tó ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, ẹ óò rí i pé aṣọ náà kò tíì ní àwọ̀ aró rárá. Àwọ̀ ewé tó ń fà sí ìyeyè ló ní. Ní kété tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ni àwọ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í sá, láti etí aṣọ lọ sí àárín, ibi tí aṣọ bá ti ṣẹ́ po ló máa ń gbẹ̀yìn, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di aró. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà: nígbà tí aró wà nínú ìkòkò, ó wà ní irú ipò tó fi lè yòrò sómi, kó sì wọ inú òwú, ìgbà tí ọ́síjìn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló tó di aró gidi tí kò yòrò mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo aṣọ tó bá tutù ló máa ń ṣú ju bí yóò ti rí lọ bó bá gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ ogún ènìyàn bá ara wọn mu, ẹ bẹ alaró kó rẹ gbogbo rẹ̀ nínú ìkòkò kan náà, kó sì rì wọ́n bọ̀ ọ́ ní iye ìgbà kan náà.

Ó wá ku ojú. Ní ẹ̀yìn ẹyinjú ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Èyí tó rí bí ọ̀pá tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 120, àwọn ló ń ṣiṣẹ́ ní òkùnkùn, wọn kò sì mọ àwọ̀. Èyí tó rí bí òkòtó kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 lọ, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni wọ́n ń lò, àwọn la sì fi ń rí àwọ̀. Oríṣi mẹ́ta ni àwọn olókòtó yìí: ọ̀kan ń dáhùn jù lọ sí ìtànṣán tí gígùn ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bíi 420 nanomítà (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà ni nanomítà kan), ní apá aró òṣùmàrè, ìkejì sí 530, ìkẹta sí 560, tó sún mọ́ apá pupa jù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá àwọ̀ mọ̀ fúnra rẹ̀ nìkan. Ọpọlọ ló ń fi ọ̀rọ̀ wọn wé ara wọn, bí adájọ́ tó gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí mẹ́ta, kó tó mọ̀ pé pupa ni tàbí aró. Thomas Young, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rò ó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1802, kí ọ̀nà àtirí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tó là, ó sì yani lẹ́nu pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í.

Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí máa ń rẹ̀. Ẹ tẹjú mọ́ aṣọ pupa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì yára wo bébà funfun: ẹ óò rí àwòrán aṣọ náà lórí bébà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àwọ̀ tó wà láàárín ewé àti aró, nítorí pé àwọn tó ń gbọ́ ti pupa ti rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣe ẹni tó ti wo ogún yáàdì àdìrẹ léraléra. Láàárín aṣọ kan sí òmíràn, ẹ sinmi ojú lára ohun funfun tàbí aláwọ̀ eérú. Bákan náà, ẹ má ṣe wo aṣọ níbi tí aṣọ mìíràn tó mọ́lẹ̀ gan-an ti yí i ká, torí àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ti í kúrò ní ipò rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń fi fóònù ya aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, ẹ jẹ́ kí bébà funfun yẹn wà nínú fọ́tò, nítorí pé fóònù ń fúnra rẹ̀ tún àwọ̀ ṣe, ẹni tó gba fọ́tò náà yóò sì rí i bóyá funfun ṣì jẹ́ funfun.

Ojú ènìyàn méjì kì í sábà dọ́gba tán. John Dalton, onímọ̀ kẹ́místrì, ló sọ ọ́ síta ní 1794 pé òun kò rí àwọ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń rí i. Ó ní kí wọ́n fi ẹyinjú òun pa mọ́ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ikú òun, nígbà tí wọ́n sì yẹ àbùdá inú rẹ̀ wò ní 1995, wọ́n rí i pé oríṣi olókòtó kan, ti àárín, ni kò ní. Láàárín àwọn ọkùnrin ìran àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan nínú méjìlá ni kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti ewé dáadáa. Láàárín obìnrin wọn, kò ju ẹnì kan nínú igba lọ, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ní láti jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ó kéré sí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó wà.

Bí ẹ bá fura sí ọmọ kan, ẹ má ṣe bi í léèrè orúkọ àwọ̀, nítorí ọmọ lè ti há orúkọ náà sórí. Ẹ da òwú pupa, ti ewé, ti àwọ̀ obì àti ti ìyeyè pọ̀, èyí tó mọ́lẹ̀ àti èyí tó ṣú, kí ẹ sì ní kó kó àwọn tó jọra sójú kan. Bó bá ń kó pupa mọ́ ewé tàbí mọ́ àwọ̀ obì léraléra, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, tí yóò fi ìwé tí wọ́n fi àmì róbótó aláwọ̀ ya nọ́ńbà sí, èyí tí Shinobu Ishihara ṣe ní Japan ní 1917 yẹ̀ ẹ́ wò. Àìsàn kọ́ ni, kò sì ní oògùn. Kí olùkọ́ má kàn máa nà án nítorí pé ó kun ewé ní pupa. Àgbàlagbà náà ní tirẹ̀: bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni dígí inú ojú ń pọ́n, tó sì ń dí ìtànṣán aró lọ́wọ́, nítorí náà ìyá àgbà lè pe aró ní dúdú tọkàntọkàn.

Bí a bá wá yíjú sí àgbàlá, ajá ní oríṣi olókòtó méjì péré. Ó mọ aró, ó mọ ìyeyè, ṣùgbọ́n pupa àti ewé jọ ara wọn lójú rẹ̀, nítorí náà bọ́ọ̀lù pupa tí a jù sínú koríko yóò yọ ọ́ lẹ́nu, bọ́ọ̀lù aró kò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù náà kò ju oríṣi méjì lọ. Àwọn ará Spéènì tó ń fi aṣọ pupa bá akọ màlúù jà ń fi pupa náà dá àwọn òǹwòran lára yá ni. Bí wọ́n ti ń fi aṣọ náà lọ síwá sẹ́yìn ló ń bí màlúù nínú. Ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà ní oríṣi mẹ́ta bíi tiwa.

Adìẹ ló ju gbogbo wa lọ, òun tí a ń fojú kékeré wò. Oríṣi mẹ́rin ló ní, ojú rẹ̀ sì ń rìn jìnnà ju tiwa lọ ní apá elésè àlùkò. Ata tó pọ́n láàárín ewé hàn sí i kedere, nígbà tí ojú ewúrẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yà á sọ́tọ̀. Ohun tó ń ta wá lẹ́nu nínú ata kì í sì í ta ẹyẹ, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹyẹ jẹ́ ẹni tó ń gbé irúgbìn ata káàkiri. Oyin ní oríṣi mẹ́ta, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa: kò rí pupa, ó sì ń rí ìtànṣán tó kọjá elésè àlùkò, èyí tí ojú ènìyàn kò rí rárá. Kòkòrò tsétsé tó ń gbé àrùn sunrunsunrun kiri máa ń fò lọ síbi aró, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń fi aṣọ aró ṣe pańpẹ́ fún un.

Bí ẹ ṣe lè fi ojú ara yín rí i rèé. Karl von Frisch, onímọ̀ nípa ẹranko ará Austria, ló lo ọ̀nà yìí fún oyin ní nǹkan bí 1914, ó sì ṣeé ṣe fún adìẹ tàbí ajá. Ẹ wá páálí kan tó jẹ́ aró, àti ọ̀pọ̀ mìíràn tó jẹ́ eérú, láti orí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun dé èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ọ̀pọ̀ eérú yìí ni kókó ọ̀rọ̀ náà, torí ẹranko tí kò mọ àwọ̀ lè dá páálí kan mọ̀ nípa bó ti mọ́lẹ̀ tó nìkan. Bí eérú bá pọ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò mọ́lẹ̀ tó aró gẹ́lẹ́, ẹranko bẹ́ẹ̀ yóò sì ṣì í mú. Ẹ fi abọ́ kan náà sórí gbogbo páálí, kí oúnjẹ wà lórí aró nìkan, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ibi tí aró wà lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹranko náà bá ti mọ ibi tó ń lọ, ẹ kó abọ́ mìíràn tó mọ́, tí kò tíì gbé oúnjẹ rí, kí òórùn má baà tọ́ ọ sọ́nà, ẹ má fi nǹkan kan sínú ìkankan, kí ẹ sì fara pamọ́, nítorí ajá ń wo ojú olówó rẹ̀ ju páálí lọ. Bó bá tún lọ sórí aró, àwọ̀ ló rí. Ẹ wá fi pupa dípò aró, kí ẹ sì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀: adìẹ yóò yege, ajá yóò máa ṣi eérú tó ṣú mú.

Ẹni tó bá fẹ́ fi oyin ṣe é yóò fi omi ṣúgà rọ́pò oúnjẹ, nínú àwo dígí, kó sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú agolo omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èèrà ni yóò kọ́kọ́ dé.