Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ awárin (metal detector) láti fi wá owó àtijọ́ ní ilẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí

A kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí nítorí pé a ti rí àgbẹ̀ tí ó fi owó kajú odidi ọdún kan ra ẹ̀rọ awárin, tí kò sì rí i lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, nítorí pé gbogbo ibi tí ó bá gbé e dé nínú oko rẹ̀ ni ó ti ń ké. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ilẹ̀ ni ó ń gbọ́. Àṣìṣe kan náà yìí ni a ń rí ní Ìjùmú, ní Yàgbà àti ní agbègbè Kàbbà: ẹni tí ó fẹ́ rajà á béèrè pé mítà mélòó ni ẹ̀rọ náà ń gbọ́ wọ inú ilẹ̀, òǹtajà á ní mítà mẹ́ta, owó á sì jáde lápò. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè bóyá ẹ̀rọ náà lè bá ilẹ̀ pupa wa dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pa ọ̀rọ̀ mítà mẹ́ta yẹn tì. Ṣílè kan tí ó dùbúlẹ̀ nínú ilẹ̀ tí kò ní wàhálà, ẹ̀rọ tí ó dára máa ń gbọ́ ọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25. Àníní, tí ó kéré tí ó sì fẹ́lẹ́, kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ yangí máa ń dín gbogbo rẹ̀ kù. Ohun ńlá bí ìkòkò irin nìkan ni a lè gbọ́ ní ìsàlẹ̀ jíjìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ebè mọ ibi tí ọkọ́ ń dé, inú ilẹ̀ tí ọkọ́ ń yí padà náà sì ni owó tí ó bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹ̀rọ tí ó bá gbọ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ní tòótọ́ ti tó yín. Ní ti ọ̀pá méjì tí àwọn kan ń gbé kiri pé ó ń júwe wúrà láti kìlómítà kan, ẹ̀tàn gbáà ni, ẹ má ṣe ná kọ́bọ̀ lé e lórí.

Bíbá ilẹ̀ dọ́gba

Ilẹ̀ pupa àti yangí ní irin nínú. Àwọn ibi kan tún wà tí àwọn baba ńlá wa ti yọ́ irin, tí ìdàrọ́ sì fọ́n ká ibẹ̀ títí di òní. Àwo tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ń rán agbára òòfà wọ ilẹ̀, ó sì ń tẹ́tí sí èsì. Bí a kò bá tí ì jẹ́ kí ó mọ èsì tí ó jẹ́ ti ilẹ̀, yóò pe ilẹ̀ ní owó. Nítorí náà, ẹ ra èyí tí a lè fi ọwọ́ ṣètò kí ó bá ilẹ̀ dọ́gba, kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ ti ṣètò tán tí kò ṣeé yí padà mọ́. Irú kejì yìí ni ó pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ́, a sì ti sọ ọ́ títí tí ó fi sú wa.

Ẹ má ṣe dán an wò lórí tábìlì tàbí lórí kọnkéré ìsọ̀, nítorí pé irin wà nínú kọnkéré. Ẹ gbé e jáde sí ilẹ̀ pupa, níbi tí kò sí irin kankan. Ẹ gbé àwo náà sókè sí sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 5, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 8 sí 10 bí ẹ ti ń yí ìṣètò rẹ̀, títí ohùn ilẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Bí ó bá ṣì ń ké, ẹ dín agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ tún un dán wò. Bí kò bá dákẹ́ síbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ń tà á. Bí ó bá dákẹ́, ẹ ri ṣílè kan mọ́lẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 àti òmíràn ní 15, ẹ ri ìṣó kan sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kí ẹ sì fi àwo náà kọjá lókè wọn ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Bí òǹtajà kò bá gbà kí ẹ ṣe èyí, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn ohun tí ó kù láti wò

kHz ni a fi ń ka iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí agbára òòfà ẹ̀rọ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. kHz 12 sí 15 ni ó yẹ oko wa fún wíwá owó. 5 sí 8 dára fún fàdákà àti bàbà tí ó tóbi. Láti 20 lọ sókè ń gbọ́ ohun wínníwínní, ó sì ń gbọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. Bí owó bá tó, ẹ ra èyí tí ó ń lo oríṣiríṣi kHz lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àwo rẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní DD, tí wáyà inú rẹ̀ rí bí lẹ́tà D méjì, íǹṣì 8 sí 9, nítorí pé ìṣó àti àjákù páànù kún ibi tí ènìyàn ti gbé rí, àwo íǹṣì 11 a sì máa da ìṣó àti owó pọ̀. Ẹ̀rọ PI (pulse induction, èyí tí ó ń rán agbára òòfà wọ ilẹ̀ ní ìdásẹ̀-dásẹ̀), tí àwọn awakùsà ń lò fún wúrà, kò ka yangí sí, ṣùgbọ́n kò mọ ìṣó yàtọ̀ sí owó dáadáa, ìṣó ni ẹ ó sì máa wú láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Kí ó má ṣe wúwo ju kílò 1.5 lọ.

Bí ẹ bá ń ṣètò rẹ̀ kí ó má ṣe ké fún irin lásán, ẹ dúró ní ibi tí ìṣó bá ti dákẹ́. Ẹni tí ó bá yí i kọjá ibẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ wú ìdérí ìgò yóò pàdánù àníní. Ṣílè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1913 títí di nǹkan bí 1920 jẹ́ fàdákà, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún ketekete. Àwọn tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe fàdákà mọ́, ohùn wọn sì relẹ̀. Láti 1959 ni Nàìjíríà ti ní owó tirẹ̀, náírà àti kọ́bọ̀ sì dé ní 1973. Ẹ mú tọ́rọ́, sísì àti ẹ̀pìnnì oníhò lọ́wọ́ lọ dán ẹ̀rọ wò, kí etí yín lè mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ẹyọ, iyùn àti ìkòkò amọ̀ kì í ṣe irin. Ẹ̀rọ kò ní sọ̀rọ̀ nípa wọn, nítorí náà ọkọ́ kékeré ni kí ẹ fi wú ohun tí ẹ bá gbọ́, kí ẹ má ṣe fọ́ ohun tí ẹ kò gbọ́.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ gbé e dé

Oko yín àti àyíká ilé yín ni. Àwọn ahoro orí òkè, níbi tí àwọn baba wa gbé ní ìgbà ogun Nupe kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, kì í ṣe oko ẹnì kan, ibojì sì wà níbẹ̀. Inú ihò àpáta Itaakpa ní Ìfẹ̀-Ìjùmú ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí egungun ènìyàn tí ó ti lé ní 2000 ọdún. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ́ ti kọ́kọ́ dà á rú ni, ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1979 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tí ó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sì wà lára ohun tí òfin náà ń dáàbò bò.

Bí ẹ bá ṣèèṣì rí irú ohun bẹ́ẹ̀ nínú ebè, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ wọn bí ó ti jìn tó ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ kan èèkàn mọ́ ibẹ̀, kí ẹ sì fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí kí ọjọ́ 7 tó pé. Ẹ má ṣe fi iyanrìn tàbí ọṣẹ fọ̀ ọ́.