Kí Ẹgbẹ́ Yín Tó Wọ Báǹkì: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Ilẹ̀ Okun

Báǹkì kì í fi àánú yá ẹgbẹ́ lówó. Òwò ló ń ṣe, èrè ló sì ń wá. Ẹ̀yin ará Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Mọ̀pà, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín kí ẹ tó kọ ìwé ẹ̀yáwó kankan.

Ká ní òṣìṣẹ́ báǹkì gbéra ní Kàbà láti yá àgbẹ̀ 20 ní ₦50,000 lọ́kọ̀ọ̀kan ní abúlé kan ní Bùnú. Bí èlé bá jẹ́ náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, ₦1,000 ni yóò máa rí lórí ẹnì kan. Owó ọ̀kadà láti ilé dé ilé á jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n bí àwọn 20 yìí bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan, fáìlì kan ni, mílíọ̀nù kan náírà ni, akápò kan ṣoṣo ló ń kó owó wá. Ibẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà. Ẹ kò ní ìwé ilẹ̀ tí ẹ lè fi dógò, àmọ́ ẹ ń dúró fún ara yín, ẹ sì mọ ilé ara yín.

Ètò yìí ti pẹ́. Ní 1991 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í so irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ báǹkì: ẹgbẹ́ á fi owó pamọ́ fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni yóò tọrọ ìlọ́po ohun tó kó jọ. Ní 1992, NABARD, báǹkì tó wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìdàgbàsókè ìgbèríko ní Íńdíà, fi 500 ẹgbẹ́ dán tirẹ̀ wò. Àìmọye mílíọ̀nù ẹgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀ lónìí.

Nítorí náà, àjọ tí ẹ ń dá nínú ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ìwé àkọsílẹ̀ ni báǹkì máa yẹ̀ wò: ọjọ́ ìpàdé, orúkọ, iye tí oníkálukú dá, ẹni tó yá, ẹni tó san, pẹ̀lú ìtẹ̀ka tàbí ìbuwọ́lù níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bírò kan náà kọ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kì í tan òṣìṣẹ́ báǹkì jẹ.

Ẹ fi ìkórè ṣètò ọjọ́ ìsanwó. Owó tí ẹ yá láti ro abẹ́ kajú kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má baà jó o, oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe ló yẹ kí ẹ san án, nígbà tí kajú bá ti dé ọjà. Ẹ má fi owó tí ẹ ó san láàárín oṣù mẹ́fà gbin ẹ̀gẹ́, nítorí ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan nílẹ̀. Ẹni tó ń yan gàrí lè san díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọjà. Ẹ sì béèrè bóyá orí odidi owó ni èlé ń jókòó sí, tàbí orí ohun tó kù láti san. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń pe owó tí báǹkì yá wọn ní owó ìjọba. Owó ẹlòmíràn tó fi pamọ́ sí báǹkì ni. Bí ẹgbẹ́ kan bá jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo abúlé tó yí i ká ni báǹkì á sá fún.

Bí màlúù bá jẹ oko ẹnì kan, tàbí àìsàn bá dá a dúró, ẹ má dúró dìgbà tí ọjọ́ bá kọjá. Kí alága àti akápò jọ lọ bá báǹkì ṣáájú, kí wọ́n mú ìwé ẹgbẹ́ dání.