Bí O Ṣe Lè Dáàbò Bo Irúgbìn Àgbàdo Rẹ Lọ́wọ́ GMO

Atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo kiri, òun náà ló ń gbé ti GMO, ìyẹn àgbàdo tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà nílé ìwádìí, wọ oko ẹlòmíì. Jẹ́ kí oko rẹ fi mítà 200, ó kéré tán, jìnnà sí ti àwọn tó ń gbin GMO. Bí ilẹ̀ ò bá gbà á, fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú wọn gbìn, kí méjèèjì má bàa yọ òdòdó pọ̀.

Èyí tó dájú jù ni kó o fọwọ́ ara rẹ da lẹ́búlẹ́bú sórí irun àgbàdo. Kí irun tó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo, fi àpò bébà bò ó. Irun kọ̀ọ̀kan ló ní hóró tirẹ̀, torí náà ẹyọ irun kan tó yọjú síta ti tó láti ba hóró kan jẹ́. Bí irun bá ti yọ, fi àpò mìíràn bo òdòdó orí igi nírọ̀lẹ́, kí lẹ́búlẹ́bú àjèjì tó ti bà lé e lè kú mọ́jú. Láàárọ̀, tí ìrì bá ti gbẹ, gbọn òdòdó náà sínú àpò, dà á sórí irun igi mìíràn, kó o sì tètè bò ó padà. Lẹ́búlẹ́bú tó bá tutù máa ń dì, kò wúlò.

Mú irúgbìn lára ọmọ 100, ó kéré tán. Bí wọ́n bá kéré jù, àgbàdo náà á máa rẹ̀yìn.

Bó o bá lo bébà àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá GMO nínú hóró, ìlà méjì túmọ̀ sí pé GMO wà níbẹ̀. Bí ìlà kankan ò bá yọ, bébà náà ti bàjẹ́. Ṣọ́ra o: purotéènì (èròjà tí àbùdá GMO ń mú jáde) tí wọ́n ṣe bébà náà fún nìkan ló mọ̀.