Epo pont píkọ́ọ̀pù: nọ́ńbà wo ló yẹ kí ẹ rà?

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù epo ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ láti ra epo pont (irin ńlá abẹ́ ọkọ̀ tí jíà inú rẹ̀ ń yí táyà ẹ̀yìn) á bá 75W-90, 80W-90, 85W-90 àti 85W-140 lórí pẹpẹ kan náà. Èyí tó ki jù ni olùtajà máa ń nà síni: "Òun ló dáa fún ẹrù." Ẹ má tíì sanwó.

Nọ́ńbà tó ṣáájú W jẹ mọ́ òtútù. Kì í ṣe ti ọyẹ́ Ṣábẹ̀ o, òtútù ibi tí omi ti ń di yìnyín ni. 75W gbọ́dọ̀ ṣì lè ṣàn ní −40°C, 80W ní −26°C, 85W ní −12°C. Kò sí èyí tó kàn wá nínú wọn. Nọ́ńbà kejì ni kí ẹ wò, nítorí òun ló ń sọ bí epo ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Ẹ má sì fi wé nọ́ńbà epo ẹ́ńjìnnì, òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀: 90 ti pont kò fi bẹ́ẹ̀ ki ju 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnnì lọ.

Ohun tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìwé ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́ ní kí á lo SAE 90 GL-5 (SAE ni òṣùwọ̀n bí epo ṣe ki tó, GL-5 ni ìpele bó ṣe ń dáàbò bo eyín jíà) níbi tí ojú ọjọ́ kò bá ti tutù ju −18°C lọ. Nílẹ̀ wa, 80W-90 tàbí 85W-90 lásán ti tó fún irú wọn. Àwọn Toyota tuntun kan ń fẹ́ 75W-85, epo tó ṣàn dáadáa kí ọkọ̀ má baà jẹ ẹ̀sáǹsì púpọ̀. Tí ẹ kò bá rí i rà, 75W-90 GL-5 lè dípò rẹ̀, pàápàá fún ọkọ̀ tó ń ru ẹrù, àmọ́ ẹ má fò dé 140. Àwọn Ford F-150 kan wà tó jẹ́ pé 75W-140 gan-an ni ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n lò, nítorí náà ẹni tó bá ra ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní Kútọnu kó má fi ojú Hilux wò ó.

Kí ló burú nínú epo tó ki jù? Roulement (bẹ́ríǹgì) tó wà ní imú pont, níbi tí ọ̀pá ti ń wọlé, kò ní pọ́ǹpù kankan. Epo tí jíà ńlá bá ta sókè ló ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Epo tó ki á pẹ́ dé ibẹ̀ láàárọ̀, jíà á sì máa fi agbára rò ó bí ẹni ro ọkà; agbára yẹn náà á tún di ooru. Tí ìwé bá fàyè gba 85W-140, ẹ lò ó fún ọkọ̀ tó ń ru iṣu tàbí kájú láti Ṣábẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́ lójoojúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má lò ó torí pé pont ń ké wííí. Ohùn á rẹlẹ̀ fúngbà díẹ̀, àmọ́ eyín tó ti jẹ kò ní hù padà. Àwọn kan tó ń ta ọkọ̀ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ wá GL-5 lára agolo. GL-4 kò ní èròjà tó pọ̀ tó láti dáàbò bo eyín pont tó ń fi agbára yọ̀ lára ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe da ìyókù GL-5 sínú boîte (àpótí jíà tí awakọ̀ ń yí) láìwo ìwé, nítorí ó lè jẹ irin pupa inú àwọn boîte kan. Epo tí wọ́n ń wọ̀n látinú àgbá, tí kò ní orúkọ, ẹ fi sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ autobloquant, ìyẹn pont tí kì í jẹ́ kí táyà kan máa yí lásán kí èkejì dúró. Ẹ fi òkúta dí táyà iwájú, ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ gbé pont lé ìdúró tó lágbára, ẹ fi ọkọ̀ sí point mort (kí jíà kankan má wọlé), ẹ tú bíréèkì ọwọ́, kí ẹ wá yí táyà kan. Tí èkejì bá yí sí òdìkejì, pont lásán ni, bí kò bá jẹ́ pé autobloquant tó ti jẹ tán ni. Tí méjèèjì bá jọ yí sí ọ̀nà kan náà, autobloquant ni: epo tí wọ́n kọ LS tàbí "Limited Slip" sí ni kí ẹ rà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa gbọ̀n ní kọ́nà.

Nígbà vidange (pípààrọ̀ epo), ẹ wa ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí epo gbóná, kí ẹ sì gbé e síbi tó tẹ́jú. Nọ́ọ̀tì òkè tí a ń da epo sí ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Tó bá ti há, tí ẹ sì ti da ti ìsàlẹ̀ nù, ọkọ̀ kò ní kúrò níbẹ̀ lónìí. Ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lórí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀: ẹrẹ̀ dúdú tó kúnná kò burú, àmọ́ èérún irin tí ọwọ́ lè mú kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo mọ́. Epo tó funfun ti gba omi. Ọkọ̀ tó bá la àkúnya omi Wèmè kọjá kó má dúró de 40,000 kìlómítà kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ fi wáṣà tuntun sí i, kí ẹ da epo títí yóò fi kan ẹnu ihò òkè tàbí kó fi mílímítà márùn-ún péré dín. Pont ẹ̀yìn Hilux sábà máa ń gba bíi lítà 2.5 sí 4. Tó bá pọ̀ jù, joint (rọ́bà tó ń dá epo dúró) á jò sórí bíréèkì. Tí epo bá sì ń jò láìpọ̀ jù, ẹ wo ihò kékeré tí pont fi ń mí lókè kí ẹ tó ra joint. Ẹrẹ̀ ló sábà máa ń dí i.