Inú ọyẹ́ la ti ń wá ìsinmi òjò

Ní ọdọọdún, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, tí ìdánwò sì ń lọ sópin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn mi ní Wàndó. "Màdáámù, ẹ kúulé o. Ibo la lè lọ kọ́ nǹkan ní ìsinmi yìí?" Ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Ibi tí wọn ó lọ wà, àwọn kan tilẹ̀ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹfà tí wọ́n ń béèrè yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi náà ti tilẹ̀kùn láti oṣù kìn-ín-ní tàbí oṣù kẹta. Ìgbà ọyẹ́, tí ètè ń sán, tí gbogbo èèyàn ń fi òrí para, ìgbà yẹn gan-an la ń wá ìsinmi tí a máa lò nígbà òjò.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní lísè kan níbí, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama. Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ọmọ tó ń ṣe lísáńsì, ìyẹn oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, nínú ìṣirò tàbí kọ̀ǹpútà máa ń pé jọ sí pálọ̀ mi, a ó sì ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí mo ń sọ fún wọn níbẹ̀ ni mo kọ síhìn-ín fún ẹ̀yin tí ẹ ò lè dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹwàá, ìwé ni kí ẹ sì kọ́kọ́ wá. Ẹ má dúró kí wọ́n tó gbà yín kí ẹ tó lọ ṣe pásípọ́ọ̀tì. Relevé, ìyẹn ìwé èsì ìdánwò yín, ẹ lọ béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì bá jáde. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ Sátidé mi dúró de òǹtẹ̀ lórí relevé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko ní ọ́fíìsì kan. Nígbà tí òǹtẹ̀ máa fi dé, ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti parí gbígba ìwé. Àwa méjèèjì jókòó síwájú ilé mi, a ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wọlé mi nínú oṣù kẹwàá, relevé ni mo kọ́kọ́ ń bi í.

Lẹ́tà olùkọ́ ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù. Nínú amphi, gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ ńlá tí èèyàn kún bí ọjà, olùkọ́ ò mọ ojú yín. Bó bá kọ lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀, á kọ pé ọmọ dáadáa ni, ó ń wá sí kíláàsì déédéé, ó tán. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò gbé ẹnikẹ́ni débì kan. Ẹ máa jókòó níwájú nígbà TD, ìyẹn kíláàsì tí a ti ń yanjú ìbéèrè. Ẹ mú ìbéèrè tó le jù lórí ìwé TD, ẹ ṣe é nílé, ẹ mú un tọ̀ ọ́ lọ lẹ́yìn kíláàsì, kódà kó jẹ́ ààbọ̀ lẹ rí ṣe. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á ti mọ orúkọ yín. Ọjọ́ tí ẹ bá wá fẹ́ tọrọ lẹ́tà, ẹ kí i bó ṣe yẹ kí ọmọ kí àgbà, kí ẹ sì fi ojú ìwé kan ṣoṣo lé e lọ́wọ́: ibi tí ẹ fẹ́ lọ, ọjọ́ tí wọ́n máa parí gbígba lẹ́tà, máàkì tí ẹ gbà lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ìbéèrè mẹ́ta yẹn tí ẹ jọ yẹ̀ wò. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán.

Ó yá, ibo la fẹ́ lọ? CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Geneva, máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, ti ẹ̀rọ àti ti kọ̀ǹpútà fún ìsinmi, kódà láti orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń fún wọn lówó tí wọ́n á máa ná. Oṣù kìn-ín-ní ni gbígba ìwé sábà máa ń parí, wọ́n sì fẹ́ ẹni tó máa ti lo ọdún mẹ́ta ní yunifásítì kí ìsinmi náà tó dé, nítorí náà ẹ̀yin ọdún kẹta ló kàn jù. OIST, yunifásítì ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Okinawa, lọ́hùn-ún ní Jàpáánù, máa ń gba ẹni tó ti sún mọ́ ìparí lísáńsì fún oṣù mélòó kan. Wọ́n ń san owó ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń fún un ní ilé àti owó ojoojúmọ́.

Ẹni tí kò lè kúrò nílé náà ní tirẹ̀. Láti 2005 ni Google ti ń ṣe Summer of Code: ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí, á kọ kódù fún àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ á máa tọ́ ọ sọ́nà, a ó sì sanwó fún un gẹ́gẹ́ bí nǹkan ṣe wọ́n tó ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Oṣù kejì ni orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó máa kópa sábà ń jáde, ìwé àbá sì máa ń wọlé láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Ẹ má dúró dè é. Orúkọ àwọn ti ọdún tó kọjá wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì padà wá. Ẹ mú ètò kan tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ wá àṣìṣe kékeré kan nínú rẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n kọ tí kò tọ̀nà, kí ẹ tún un ṣe, kí wọ́n ti mọ̀ yín kí oṣù kẹta tó dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo aago dáadáa. Aago 18:00 UTC, ìyẹn aago àgbáyé, ni wọ́n ń ti gbígba ìwé Summer of Code, aago méje alẹ́ nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Ọmọkùnrin kan lára wa rò pé ọ̀gànjọ́ òru ni. Ó parí kíkọ ní aago mẹ́jọ. Iṣẹ́ oṣù méjì ṣègbé níṣojú mi.

Outreachy náà wà, ìkọ́ṣẹ́ lórí irú ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí a kì í sábà rí nínú iṣẹ́ náà, bí obìnrin, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún: oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, àti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta. Iṣẹ́ wákàtí 30 lọ́sẹ̀ ni, láti ilé, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 7,000 fún oṣù mẹ́ta náà. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ìyá yín fẹ́ kí ẹ wá bá òun tajà ní Wàndó ní gbogbo ìsinmi, ẹ tètè jókòó tì wọ́n, kí ẹ ṣàlàyé owó yìí fún wọn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ti bá ìyá mẹ́ta sọ ọ́ rí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́. Àwọn Outreachy máa ń ní kí ẹ kọ ìtàn ara yín lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí sì máa ń ba àwọn ọmọ wa lẹ́rù. Ta ni nínú wa tí kò ní ẹbí ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta? Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe lè kọ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó ṣe yunifásítì lọ́hùn-ún, kó bá yín kà á.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe tiwa, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fi mẹ́gà ṣòfò lórí wọn. Àwọn ètò REU, ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń náwó lé, wà fún ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀. RISE, irú ètò bẹ́ẹ̀ ti Jámánì, ń gba ẹni tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Bìrìtéènì àti Ireland.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín náà. Dangbo kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ibẹ̀ ni IMSP wà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Ẹ lọ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ béèrè bóyá àjèjì lè wá gbọ́ ẹ̀kọ́ kan. Deep Learning Indaba, ìpàdé ọdọọdún àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí a ti ń ronú, bẹ̀rẹ̀ ní Johannesburg ní 2017, ó dé Dakar ní 2024. IndabaX ni ti kékeré tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ṣe fúnra rẹ̀. AIMS, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 2003, tó sì wà ní Sẹ̀nẹ̀gàl, Gánà, Kamẹrúùnù àti Rùwáńdà, máàsítà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń san gbogbo owó rẹ̀; ẹ kọ ọ́ síbì kan fún ọjọ́ iwájú.

Gbogbo wọn ló máa béèrè ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣe. Project Euler, àkójọ ìbéèrè ìṣirò tí a ń fi kọ̀ǹpútà yanjú, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2001, ọ̀fẹ́ ni. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ rèé: ẹ ro gbogbo nọ́ńbà tí kò tó 1000 pọ̀, àwọn tí 3 tàbí 5 pín láìṣẹ́kù. Àwọn ọmọ á kọ kódù ìlà márùn-ún, kọ̀ǹpútà á kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, 233168 á jáde, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà dé, kí wọ́n mú bírò. Àwọn tí 3 pín jẹ́ 333, àròpọ̀ wọn ni 3 lọ́nà 333 lọ́nà 334, kí a wá pín in sí méjì: 166833. Àwọn tí 5 pín jẹ́ 199, àròpọ̀ wọn 99500. Ṣùgbọ́n a ti ka 15, 30, 45 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n jẹ́ 66, àròpọ̀ wọn 33165. Ẹ yọ ọ́ kúrò: 233168. Ọmọ tó ti ń ka màrúndínlógún láti kékeré mọ̀ pé a lè ka nǹkan kọjá ká tó dín in kù. Wàyí o, ẹ fi òdo 18 tẹ̀lé 1 dípò 1000. Kọ̀ǹpútà tó ń ka bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan á lò ju ọdún 30 lọ kó tó ka a tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Bírò á ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ kọ èyí sí ojú ìwé kan, kódù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Bí ẹ bá ní ogún irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ kódù ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti ní ohun tí ẹ máa fi han èèyàn.

Ẹni tó bá fẹ́ràn èdè, kó lọ wo Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń mú kí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè wa. Nínú MasakhaNER, àkójọ gbólóhùn tí a fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá orúkọ èèyàn àti ti ibi mọ̀, tí wọ́n gbé jáde ní 2021, Yorùbá wà lára èdè mẹ́wàá. Nígbà tí ẹ̀dà kejì dé ní 2022, Fọ̀n ti wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ méjèèjì láti inú ilé, tí ẹ sì mọ àmì ohùn í fi sórí ọ̀rọ̀, ẹ ò mọ bí irú yín ti ṣọ̀wọ́n tó.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́ta, ẹ mú relevé yín dání, kódà bí kò tíì ní òǹtẹ̀. Kálukú á kọ orúkọ olùkọ́ méjì tó fẹ́ lọ bá, á kọ ọjọ́ tó máa lọ sí i, màá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀.